Bátìrì Ìwàásù àti Bátìrì Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ wa ní oṣù yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọ, níbi tí bọ́ọ̀sì ìjíhìnrere máa ń dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìgànná àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, títí dé ọ̀nà Ìwéré-Ilé àti Òkèhò, ẹ mọ bí a ti ń ṣe é. A ó gbé fúnẹ́ẹ̀lì méjì sórí bọ́ọ̀sì, a ó fa wáyà láti orí bátìrì ọkọ̀ wá sí ara ampilifáyà, àwọn akọrin yóò bẹ̀rẹ̀, ìwàásù yóò tẹ̀lé e, àdúrà yóò sì gùn. Nígbà tí a bá fẹ́ padà sílé ní aago mẹ́wàá alẹ́, awakọ̀ yóò yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ yóò dún "tẹ́kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́.

Láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin á sọ̀ kalẹ̀, wọn á tì í, a ó sì fi ṣe ẹ̀rín. Lónìí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀sì tó kún fún àwọn ìyá àti ọmọdé kò gbọdọ̀ dúró nínú òkùnkùn lójú ọ̀nà oko. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn ará Òkè-Ògùn ti rí lójú ọ̀nà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ń yí ara rẹ̀ padà kò tilẹ̀ ṣeé tì. Ti àwọn ará wa etí omi, tí ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe ìjíhìnrere, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ láti tì í?

Arákùnrin kan lè sọ pé Ọlọ́run tó rán wa ni yóò tan ọkọ̀. Àmín. Ṣùgbọ́n àwọn wúńdíá mẹ́wàá inú Mátíù 25, gbogbo wọn ló ní fìtílà. Òróró tó wà lọ́tọ̀ ni ó fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn, òróró tó wà lọ́tọ̀ náà sì ni a ń sọ níhìn-ín.

Bátìrì ọkọ̀ yàtọ̀ sí bátìrì ínfátà. Àwọn òjé pẹlẹbẹ inú bátìrì ọkọ̀ tín-ín-rín, wọ́n sì pọ̀, kí wọ́n lè tú agbára ńlá jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti yí ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò dá ohun tó lò padà fún un. A kò ṣe é fún kí a máa fà á díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Bí a bá fà á gbẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, yóò kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, a ó sì máa sọ pé ọ̀tá ló ń bá ìjọ jà. Òjé inú ti ínfátà nípọn, ó sì lè fara da irú iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ampilifáyà tó ń fa 120 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì ń fa 10 ampíà. Ní wákàtí mẹ́rin, ó di 40. Bí a bá kọ 75Ah sí ara bátìrì, a ti kọjá ìdajì rẹ̀ nìyẹn, bó bá tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ má sì gba 1000 wáàtì tí wọ́n kọ sí ara páálí gbọ́. Ẹ wo nọ́ńbà fíúsì ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, òun ni yóò sọ ibi tí ó lè fà dé.

Nítorí náà, kí ìjọ ra bátìrì kejì fún ìwàásù nìkan. Kí rewáyà fi relay sáàárín méjèèjì, èyí tí yóò so wọ́n pọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí yóò sì yà wọ́n nígbà tí a bá pa á. Bí ó bá kàn fi wáyà lásán so wọ́n, àwọn méjèèjì yóò jọ gbẹ. Kí ó fi fíúsì sí orí wáyà nítòsí bátìrì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì tí a ń ṣáàjì lè gbiná, ẹ má ṣe tì í pa sábẹ́ àga ọmọdé.

Àwọn kan máa ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ títí ìpàdé yóò fi parí. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀? Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni pé àwọn ọmọ máa ń sùn nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí àwọn òbí wọn bá ń gbàdúrà. Èéfín ẹ́ńjìnnì lè pa ènìyàn lójú oorun láìsí pé ó gbóòórùn ohunkóhun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Ohùn tí a nílò pàápàá kò pọ̀ tó bí a ti rò. Fúnẹ́ẹ̀lì ń fi agbára díẹ̀ gbé ohùn ènìyàn jìnnà. Àpótí ńlá tí ń dún "gbì-gbì" ló ń jẹ bátìrì. Bí a bá sọ agbára ẹ̀rọ di ìlọ́po méjì, díẹ̀ ni etí yóò fi mọ̀ ọ́n. Nínú Lúùkù 5, ọkọ̀ Símónì ni Olúwa wa jókòó sí láti kọ́ àwọn ènìyàn tó wà létí omi. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀nà tó ń wà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1928, agogo ọwọ́ ló gbé kiri. Ẹ fi àpótí ńlá sílẹ̀ nílé ìjọ.

Oòrùn tiwa níhìn-ín tó ṣe ìrànwọ́. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 100 wáàtì, bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtí márùn-ún, lè dá nǹkan bí 30Ah padà, bí a bá ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ ra mítà kékeré pẹ̀lú. Bátìrì tó kún, tí a kò fi ṣe nǹkan kan, yóò fi 12.6 hàn. Bí ó bá ti sún mọ́ 12.2, kí a pa ẹ̀rọ, kí a fi ẹnu lásán parí àdúrà. Ẹ fi mítà náà sọ́wọ́ ìyá kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ má fún oníwàásù.