Amúkùn-ún, Ẹrù Rẹ Wọ́

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́! Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Àbúrò bàbá mi ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí ẹsẹ̀ wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í le bí igi. Imú bàtà wọn a máa jẹ, nítorí pé wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àwọn kan ní oògùn ni wọ́n tẹ̀; àwọn mìíràn ní ọtí ni, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fẹnu kan ẹmu. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà béèrè pé, "Ta ló tún ń rìn báyìí nínú ẹbí yín?" Kíá ni ìyá àgbà dáhùn pé, "Kò sí o!" Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí irun bàbá àgbà kò tí ì funfun ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wà nílẹ̀ nígbà náà. Ìyá àgbà kò fẹ́ kí àwọn àna gbọ́.

Irọ́ yẹn gba ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ wa.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè dókítà yẹn ni ìdajì àyẹ̀wò. Ohun tó ń ba ìrìn àgbàlagbà jẹ́ pọ̀. Àìtó fítámì B12 wà níbẹ̀, ìyẹn sì ní oògùn. Ní 1968, Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ ní Ìbàdàn, kọ nípa àrùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró déédéé, tí wọ́n so mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Àwọn tó jọ ń jẹun nínú ìkòkò kan lè jọ ní in, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Ṣùgbọ́n èyí tí Strümpell ará Jámánì kọ nípa rẹ̀ ní 1880, lára tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, àbímọ́ ni. Irú rẹ̀ tí a mọ̀ lónìí ti lé ní 80. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, bí òbí kan bá ní in, bí ẹni ju owó sókè ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: kó kàn án, kó má kàn án. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi í hàn, ṣùgbọ́n ìtàn ẹbí ló ń sọ fún dókítà ibi tí yóò wò.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń gba oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ káàkiri. A mọ ẹni tó jagun nínú ìdílé. A kì í béèrè ẹni tó fi ọ̀pá rìn. Ẹ ó ní, "Ta ni yóò wá fẹ́ ọmọ ẹni tó bá jẹ́wọ́?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì ní ìdáhùn tó dùn sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fífi í pamọ́ kò yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi fúnra wọn jẹ́wọ́. Dókítà mú bébà, ó kọ orúkọ wa láti orí bàbá àgbà wálẹ̀, ó sì fi bírò kun ti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Kò tí ì kùn ún.