Ẹni Tó Ń Ríran Díẹ̀ Kì í Ṣe Òpùrọ́

Bí ọkùnrin kan bá di ọ̀pá funfun mú wọ ọkọ̀ èrò trotro ní Old Tafo, ní Kumasi, tó jókòó tán, tó yọ fóònù, tó gbé e sún mọ́ imú bíi pé ó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀, tó sì ń kà á, àwọn èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú síra wọn. "Afọ́jú wo nìyí?" Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ là ń dá láti Kumasi dé Ìbàdàn, ẹjọ́ wíwọ́ gbáà sì ni.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń pè ní afọ́jú ló ṣì ń rí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ẹlòmíì ń rí: ó mọ ibi tí fèrèsé wà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlòmíì lè ka ìka tí dókítà nà sí i, bó bá sún mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò ní àfi kí òkùnkùn biribiri dé. Bí ojú èèyàn tó sàn jù, tòun ti awò, kò bá lè rí láti mítà 3 ohun tí ojú tó dá pé ń rí láti mítà 60, afọ́jú ni wọ́n kà á sí.

Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tó wọ́pọ̀ ní Ghana, ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń ti jẹ ojú wọlé. Ẹni tó ní in lè máa ka Bíbélì geere, kó dìde, kó jìn sí gọ́tà. Àárín ojú ló bàjẹ́ ní ti ẹlòmíì: kò ní kọsẹ̀, àmọ́ kò dá ojú èèyàn mọ̀. Èyí ló ń kó bá àwọn ọmọ wa jù. Ọmọ kọjá lára àgbà, kò dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bàbá á bínú, ìyá á máa bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó rò ó pé kí wọ́n lọ yẹ ojú rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni yunifásítì KNUST, ní Kumasi níbẹ̀, ń kọ́ àwọn tó ń yẹ ojú wò.

Ojú kan náà tún lè yàtọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí nǹkan funfun ń bo ẹyinjú rẹ̀ lè ríran díẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn ọ̀sán sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan oúnjẹ ni owó ìjọba. Apá kan lára owó Common Fund tó ń lọ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ghana wà fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, Old Tafo sì ti ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀ láti ọdún 2018. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa táràrà kí wọ́n tó gbà pé ojú ń dùn ún. Ìwé dókítà tó. Bí ẹni tó wá gba owó náà bá ní òun ń rí fọ́ọ̀mù ṣùgbọ́n òun ò rí ibi tí òun máa buwọ́ lù, kí akọ̀wé bá a gbé ìka lé e.