Iṣẹ́ abẹ ọ̀rá ikùn: ihò lè kéré, ewu rẹ̀ kò kéré

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Kẹ́tù, Mile 12 àti Ìkòsí, ẹ ti gbọ́ ìpolówó yìí: ihò kékeré ni wọ́n á lu, ikùn á sì wọlé. Òótọ́ ni, ihò kékeré ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba inú ihò náà wọlé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká rántí Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ wa nígbà yẹn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ó lọ fa ọ̀rá ikùn ní Marbella, lórílẹ̀-èdè Spain. Ọ̀pá tó yẹ kó dúró sábẹ́ awọ wọ inú ikùn lọ, ó lu ìfun, ó sì ya ẹ̀dọ̀. Ó kú lọ́jọ́ 23 oṣù náà, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 60. Ní 2009, ilé ẹjọ́ ibẹ̀ rán dókítà náà lẹ́wọ̀n ọdún kan.

Owó kọ́ ni kò sí, òkè òkun náà sì ni. Nítorí náà, ẹyìn iṣẹ́ abẹ ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Bí wọ́n bá gé àpò oúnjẹ kù, ojú ibi tí wọ́n rán lè máa jò. Ibà, ọkàn tó ń sáré, èémí tó ń há, inú rírun tí kò dẹ̀: ẹ má pè é ní gáàsì.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè: ṣé HEFAMAA, àjọ ìjọba Èkó tó ń forúkọ ilé ìwòsàn sílẹ̀, mọ ibí yìí? Ta ló máa gbé fóònù lóru? Ibo lẹ máa gbé mi lọ? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kẹ́tù kò mọ aláìsàn o.