Ọ̀kọ̀ọ̀kan Là Ń Yọ Ẹsẹ̀ Lábàtà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ kí àsìkò mémoire tó tún dé. Nígbà ìsinmi, a máa ń lọ sí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, àní títí dé Atakpamé ní Tógò, láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ìtàn, oríkì àti àlọ́ rẹpẹtẹ ni a ń kó bọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé yàrá wa, inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ ń sùn sí. A ó ní, "Bí a bá ráyè dáadáa, a ó jókòó tì í." Àyè náà kì í dé. Ìgbà tí ó bá ku oṣù kan kí a fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni a ó wá máa fi òru ṣe ọ̀sán.

Èrò tiwa ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń ṣe wá. Ọjọ́ ńlá tí a ń dúró dè ni ó ń tàn wá. Àdàkọ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn ìṣẹ́jú kan péré lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí a ní láti gbọ́ gbólóhùn kan lágbọ̀ọ́túngbọ́, kí a kọ ọ́, kí a fi àmì ohùn sí i, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Faransé. Bí etí bá ti rẹ̀, igba, igbá àti ìgbà a di ọ̀kan náà. Ta ni yóò fi irú etí bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́jú tí kò ní ṣi ọ̀rọ̀ kọ?

Àṣìṣe nìkan kọ́ ni ewu ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wa gba ohùn bàbá àgbàlagbà kan sílẹ̀ ní ìletò kan lẹ́bàá Kétu, níbi tí bàbá ti ń ki oríkì ìdílé wọn. Oṣù méje kọjá kí a tó tẹ́tí sí i. Igbe àkùkọ bo ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. A kò mọ̀ bóyá orúkọ odò ni tàbí orúkọ ènìyàn. Nígbà tí a fi padà débẹ̀, wọ́n ti sin bàbá. Àwọn ọmọ wọn wo ojú ara wọn, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti tẹ́tí sí i lálẹ́ ọjọ́ tí a gbà á, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni à bá ti bi bàbá. Àlàfo ni a fi síbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1850, ìtumọ̀ Ìwé Róòmù jáde. Ó di 1884 kí odindi Bíbélì tó pé, òun pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Thomas King. Láàrin ọdún wọ̀nyí, ó rin ìrìn àjò lórí Odò Ọya, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bí ó bá ní kí òun ráyè ná, ṣé ìwé náà ì bá jáde?

Nítorí náà, ìdajì wákàtí lójúmọ́ ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún, ní àsìkò kan náà, bóyá kí a tó lọ sí kíláàsì. Bí a bá da ohùn ìdajì ìṣẹ́jú kọ lójúmọ́, ní 180 ọjọ́, ohùn 90 ìṣẹ́jú ti wà lórí ìwé. Kí a sì máa kọ ohun tí kò yé wa sínú ìwé kékeré kan, kí a bi àwọn àgbà kí a tó kúrò nílùú wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní iná kì í sí, tàbí pé òun ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bébà àti kálàmù kò béèrè iná, ìdajì wákàtí kò sì pa ọjà lára. Bí ọjọ́ kan bá sì bọ́, kí a má ṣe fi ọ̀la san gbèsè rẹ̀. Kí a kàn tún bẹ̀rẹ̀ ni.

Gbólóhùn kan péré lálẹ́ òní, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹni tí ó sọ ọ́ ṣì wà láyé tí a lè bi.