Ta Ni Yóò Kọ́ Ọmọ Mùsùlùmí Ní Eré, Ewì Àti Kámẹ́rà?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí lè dun àwọn kan nínú wa. Kí wọ́n forí jì mí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á dé òpin kí wọ́n tó bínú.

Ní ọlidé gígùn tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa mú àbá kan wá sí ìpàdé. Wọ́n ní dípò kí àwọn ọmọ ilé kéwú wa fi gbogbo ọlidé jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, kí á ya ọjọ́ Sátidé mẹ́fà sọ́tọ̀ fún wọn, lẹ́yìn ìrun àìlà, kí á fi kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ eré, bí a ṣe ń ka ìròyìn lórí rédíò, bí a ṣe ń ya fọ́tò, àti bí a ṣe ń to fídíò pọ̀ tí yóò fi ní orí àti ìdí. Àwọn méjì tó mọ iṣẹ́ náà láàárín wọn ní ọ̀fẹ́ ni àwọn yóò kọ́ wọn. Wọn kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí bàbá àgbà kan fi dìde, ó ní: "Ṣé ilé Ọlọ́hun lẹ fẹ́ sọ di ilé sinimá?" Àwọn kan ṣe àmín. Akọ̀wé ká àbá náà sínú fáìlì, ó sì kú síbẹ̀.

Kò pé oṣù kan sí i tí ẹgbẹ́ kan náà ṣe wòlímà àwọn ọmọ tó parí Àlùkùránì. Ta ni a pè wá ya fídíò rẹ̀? Ẹni tí a háyà láti ìta ni. Owó gidi la san fún un, kò sì mọ ìgbà tí ọmọ ń ka Fátíhà yàtọ̀ sí ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì. Nígbà tí a jókòó wo fídíò náà, ohùn àwọn ọmọ ń dún lókè, ojú kámẹ́rà wà lára gèlè ìyá kan. Bàbá tó ní kí á má sọ ilé Ọlọ́hun di ilé sinimá ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà tòun.

N kò fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà tó ṣe gudugudu méje fún ẹgbẹ́ wa ni. Ohun tí mo fẹ́ kí á rí ni pé a ti ń lo iṣẹ́ náà látọjọ́ yìí, kíkọ́ ọmọ wa nìkan la kọ̀.

Ní ọlidé kan náà, ọmọkùnrin kan tí mo ń kọ́ ní kéwú, ọmọ ọdún 13, lọ sí kíláàsì ọlidé tí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Wọ́n fún un ní maikirofóònù, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń di kámẹ́rà mú kí àwòrán má baà gbọ̀n. Mo bi í pé kí ló wá lọ síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀, ó ní: "Àáfáà, kò sí tiwa." N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ má rò pé mo ń bá ṣọ́ọ̀ṣì jà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ohun tí eré lè ṣe. Ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté Mẹ́tta ló ní kí Hubert Ogunde gbé eré kan kalẹ̀ fún àwọn láti inú ìtàn ọgbà Édẹ́nì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tíátà rẹ̀ ti gbéra tó fi kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1985, Mike Bamiloye dá Mount Zion sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń dàgbà ní àwọn ọdún 1990 ló jókòó sí yàrá bàbá wọn tó jẹ́ Àlàájì, tí wọ́n ń wo fíìmù wọn. Ojúṣe wọn ni wọ́n ṣe. Tiwa dà?

A ní tiwa o. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tó ń kọrin jí ènìyàn sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì ló ni wéré. Inú rẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister (1948–2010) ti jáde tó fi sọ ọ́ di fújì. Wákà náà, ẹnu àwọn obìnrin Mùsùlùmí la ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí la ṣe fún àwọn ọmọ tó ní irú ohùn báyẹn? A gbádùn wọn títí àwẹ̀ fi túnu, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń gbé ohùn náà lọ. Òde àríyá ló gbà wọ́n. Àwa náà la tún jókòó tí a ń pariwo pé orin ayé òde òní ti bàjẹ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ṣé kì í ṣe àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa wá lẹ́nu mọ́. Wọ́n á ní Ọlọ́hun bá àwọn akéwì wí nínú súrà Ṣuárá. Òótọ́ ni, ẹsẹ 224 títí dé 226. Kí ló wá dé tí ẹnu wọn kì í dé ẹsẹ 227, níbi tí Ọlọ́hun ti yọ àwọn tó gbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣe rere, tí wọ́n sì ń rántí Rẹ̀ sọ́tọ̀? Hassan ọmọ Thabit ńkọ́? Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n gbé mùmúbárì kalẹ̀ fún un kí ó dúró lé e, kí ó fi ewì gbèjà ẹ̀sìn. Inú mọ́sálásí ni o, kì í ṣe inú ọjà.

Àwọn mìíràn á ní eré ṣíṣe, irọ́ pípa ni. Lọ́jọ́ tí Jíbúrílù wá bi Ànábì ní ohun tí Ìsìláàmù jẹ́ àti ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́, àwọ̀ ọkùnrin aláṣọ funfun kan ló gbé wọ̀. Ó ń béèrè, ó sì ń sọ pé òótọ́ ni èsì náà, ẹnu ya àwọn sàhábé tó ń wò wọ́n. Ìgbà tó lọ tán ni Ànábì sọ fún wọn pé Jíbúrílù ló wá kọ́ wọn ní ẹ̀sìn wọn. N kò pe ìyẹn ní tíátà, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí n ṣì í sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ohunkóhun tí a bá gbé kalẹ̀ lójú ènìyàn láti fi kọ́ wọn ti di irọ́, kí ó tún rò ó.

Ní ti àwòrán, àwọn onímọ̀ ti jiyàn lé e, wọn kò sì tíì dákẹ́. Muhammad Bakhit al-Muti'i, tó ti jẹ́ mùfútì Íjíbítì, kọ̀wé láti gbe fọ́tò lẹ́sẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbà fún un. Òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi ọmọ rẹ̀ sídìí rédíò, ìwé kíkọ tàbí ọnà lẹ́tà Lárúbáwá. Àbí ọmọ tó fi kálámù àti tàdáwà kọ Bísímílà sára wàláà, tó gún régé, kò ṣe iṣẹ́ ọnà ni? Ṣùgbọ́n kí ẹni tó gbé fọ́tò Hájì rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ má wá sọ fún mi pé hárámù ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, ilé ìwé gan-an làwọn baba wa ń sá fún, nítorí ọwọ́ míṣọ́nnì ló wà; ọmọ á lọ ní Mùsùlùmí, á bọ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Ìjọba dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, kò sì tó. Ní 1923 ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó kóra jọ tí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Wọn kò ní kí ọmọ jókòó sílé, wọn kò sì ní kí ó lọ fi ẹ̀sìn rẹ̀ gba ìwé. Ilé ìwé tiwọn ni wọ́n kọ́. Irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó dìde ní ìpàdé wa ti mọ̀wé.

Kí wá ni a ń bẹ̀rù? Owó ni? Fóònù kan tó mọ́jú àti yàrá kan tó dákẹ́ ti tó fún ọmọ méjìlá. Kí ọkùnrin àti obìnrin jókòó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó ní ilé kéwú, kí àáfáà kan sì wà níbẹ̀. Kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ bi ìyá tàbí bàbá rẹ̀ àgbà léèrè bó ṣe kéwú nígbà tirẹ̀, kí ó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí wọ́n kọ eré kékeré lórí ẹni tó jẹ gbèsè kiri tó fi owó olówó lọ sí Hájì (a mọ̀ wọ́n). Kí wọ́n fi àmì ohùn sórí Yorùbá tí wọ́n bá kọ. Kí á sì kọ́ wọn bí a ṣe ń dá fídíò ayédèrú mọ̀, nítorí àwa àgbà ni à ń fi í ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp láàárọ̀, tí à ń ṣe Súbúhánálláhì lé e lórí.

Ìpàdé ẹgbẹ́ ń bọ̀ ní Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù yìí. Àbá náà ṣì wà nínú fáìlì akọ̀wé, èmi ni n ó sì tún un gbé dìde. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, ẹ wá jókòó síwájú lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 yẹn ti ní òun yóò bá wa ya fídíò ìpàdé náà lọ́fẹ̀ẹ́, bí àwọn àgbà bá gbà fún un.