Ta Ni Ó Ń Wúre Fún Ọmọ Tí Ó Ń Lọ Sí Òkè-Òkun?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Ìyá àgbà kan ń bẹ ní agboolé tí ó kángun sí tiwa. Láràárọ̀, kí ìyá náà tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, yóò ta omi tútù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, yóò pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ lóríkì, yóò sì máa bẹ Ọlọ́run kí ó ṣọ́ ọ ní ọ̀nà Kàdúná. Wọ́n ti sọ fún un pé Kàdúná ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Irọ́ ni. Ìlú Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọmọ wà. Ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì nílé, ó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó sì ti gba físà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè kejì. Òru ni ó gbéra. Bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti ọmọ yìí nìkan ni, n kò ní mú gègé. Ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ di àṣà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ń di ẹrù bí ajigbèsè tí ó fẹ́ sá lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé àwòrán ara wọn nínú aṣọ òtútù jáde ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ń mọ̀ pé wọn kò sí nílé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn baba wa ń ṣe é. Bí ọmọ Yorùbá yóò bá rin ìrìn àjò tí ó jìn, àwọn àgbà ilé a péjọ ní kùtùkùtù. Wọn a gbé omi tútù, obì, orógbó, oyin, iyọ̀ àti ataare kalẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. A kì í bá omi ṣọ̀tá, nítorí náà ọmọ kò ní rí ọ̀tá níbi tí ó ń lọ. Obì ni yóò bi ikú, tí yóò bi àrùn. Orógbó ni yóò jẹ́ kí ó gbó, kí ó tọ́. Ọmọ a tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó péjọ a máa ṣe àṣẹ. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ó dàgbà jù á sọ fún un pé, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Ní ilé onígbàgbọ́, wọn a kọrin, wọn a gbàdúrà, ní ilé Mùsùlùmí, wọn a pe àáfà. Ọ̀nà kò jọra, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń wí: ọmọ yìí kò dá lọ.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn aládùúgbò wa, àwọn Ibibio, dáwó jọ nínú ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè-òkun ní 1938. Ní ilẹ̀ tiwa náà, owó kòkó àti owó èsúsú àwọn ìyá ti sọ ọmọ púpọ̀ di lọ́yà àti dókítà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú omi Aureol fi ń ti Àpápá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí iṣẹ́ rẹ̀ ní etí òkun wa tó dópin ní 1974. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Aya rẹ̀ dúró nílé ti àwọn ọmọ àti òwò. Ní 1945, nígbà tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó padà sílé.

Mo ti bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ìdí tí wọ́n fi ń yọ́ lọ. Wọ́n ní ayé le. N kò lè fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí àwa àgbà ni a fi ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn létí. Wọ́n tún ní ìtìjú ni, pé bí wọ́n bá kéde, tí wọn kò sì rí físà gbà, ojú ta ni àwọn yóò fi wo ìlú? Èyí jẹ́ òtítọ́, ó sì dunni. Owó físà tí a san kò ní padà, ẹlẹ́yà kò sì wọ́n láyé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bòókẹ́lẹ́ ná ọmọ agboolé kejì yìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ wà ní báǹkì fún ọjọ́ 28 gbáko, kí ó má sì dín. Nítorí pé ẹbí kò gbọdọ̀ gbọ́, ọ̀dọ̀ olówó èlé ni ó ti yá owó tí ó fi hàn wọ́n. Bí físà ti bọ́ sí i lọ́wọ́, olówó gba owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ọmọ dé Manchester, àpò ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni wákàtí 20 péré ni òfin gba akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Nínú oṣù tí ó ń yáwó èlé yẹn gan-an ni àbúrò bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan. Ọkùnrin náà sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ti fi ẹnu kàn mí ni, ǹ bá gbé e fún un, kì bá sì san kọ́bọ̀ lé e."

Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú okùn lọ́rùn náírà, ẹrù yìí ti ju ti bàbá kan lọ. Láti oṣù kìíní 2024, Gẹ̀ẹ́sì kò tún gbà kí ọ̀pọ̀ jù lọ akẹ́kọ̀ọ́ mú aya tàbí ọmọ dání mọ́, bí kò ṣe àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ọkọ ìyàwó tí ó bá fi aya àti ọmọ ọwọ́ sílẹ̀, ta ni yóò máa bá a yọjú sí wọn bí ẹbí kò bá mọ̀ pé ó ti lọ?

N kò ní kí ẹnikẹ́ni pe onílù. Ìnáwó àti aṣọ ẹbí tí àwọn kan ń ṣe nítorí físà, àṣejù ni, owó ọkọ̀ ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí ó dúró títí físà yóò fi wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ó wá fi ọjọ́ kan lọ sí ilé, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sọ ọjọ́ tí yóò gbéra. Ẹni tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ owó, kí ó tètè sọ fún ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹbí. Ẹ̀yin àgbà náà, bí ọmọ bá sọ ọ́, ẹ má gbé e lọ sí ọjà, ẹ má sì ka ohun tí yóò rà bọ̀ fún yín sí i létí. Ìyẹn wà lára ohun tí ó ń lé wọn gba ẹ̀yìnkùlé.

Nínú oṣù tí ó kọjá ni wọ́n jẹ́wọ́ fún ìyá àgbà yìí. A rò pé yóò sunkún, kò sunkún. Ó dákẹ́ títí, ó wá kọjú sí bàbá ọmọ náà, ó ní, "Ta ni ó fún un lómi tọ́ wò kí ó tó lọ?"

Bàbá ọmọ náà wolẹ̀, kò fèsì.