Kọ̀ǹpútà yín ò tíì kú o

Ẹ̀yin tèmi, ẹ má tíì ra òmíì!

Tí mo bá ń gé fídíò oníbàárà, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mi á gbóná dé 97°C, á wá máa fà bí ìgbín. Ẹni tó bá mi wò ó ní Ladi-Lak níbí ní ó ti kú.

Irọ́! Tí processor bá gbóná jù, fúnra ẹ̀ ló ń dín eré kù kó má bàa jóná.

Mo pa á, mo yọ wáyà, mo tú u. Eruku ti dí fáànù. Thermal paste tó ń gbé ooru kúrò lórí processor ti gbẹ. Mo gbọn eruku, mo nu paste àtijọ́, mo fi tuntun díẹ̀ sí i. 72°C!

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòkunbọ̀ pọ̀ ní Ṣómólú, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìtọ́jú ni. Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku.